Gíramafóònù Ńlá àti Ohùn Àwọn Bàbá Wa ní Ìlú Ọba

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn. Onísirò owó ni mí, n kì í ṣe òpìtàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kó ẹ̀rọ orin àtijọ́ jọ, àwọn gíramafóònù ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kó tó kọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sílé mi mọ ọ̀kan tó dúró ti ògiri ní pálọ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi ní òun kò rántí ọjọ́ tí òun fọwọ́ sí i pé kí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò gba aṣọ wọlé.

Ohun tí àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Uncle, níbo ni wọ́n ti ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná?" Kò ní wáyà. Ohun tí àwọn òbí wọn máa ń bi mí ni pé, kí ni ọmọ Yorùbá ń fi àlòkù òyìnbó ṣe? Ìbéèrè kejì yìí ló gba àlàyé. Òyìnbó ló ṣe ẹ̀rọ náà, ó dájú. Ṣùgbọ́n Ìlú Ọba tí a wà yìí ni àwọn bàbá wa ti kọrin Yorùbá sórí àwo láyé ọjọ́un, irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n sì ṣe àwo náà fún. Ẹni tó bá sọ pé kò kàn wá, ìtàn náà ni kò tíì dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀.

Ní 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tó pè ní fonógíráàfù ní Amẹ́ríkà. Ó wé fọ́ìlì, irú èyí tí ẹ̀yin ìyá wa fi ń bo ẹran nínú ààrò, mọ́ ara irin roboto kan. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sí i, abẹ́rẹ́ á tẹ ojú fọ́ìlì náà bí irin ṣe ń yí. Bí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì tún yí i, ọ̀rọ̀ á jáde. Nígbà tó yá, wọ́n pa fọ́ìlì tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìda tí wọ́n ṣe roboto bí ife. Ẹ̀rọ oní-ìda yìí ní ẹ̀bùn kan tí gíramafóònù tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò ní: ó lè gbọ́, ó sì lè sọ. Ẹni tó ni ín lè fi gba ohùn fúnra rẹ̀. Òun ni Northcote Thomas, tí ìjọba amúnisìn rán wá ṣe ìwádìí, gbé dé Gúúsù Nàìjíríà láti 1909. Ó fi gba ohùn àwọn ará Ẹdó àti Ìgbò, àwọn ìda náà sì wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, ló gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1887 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó pè ní gíramafóònù. Àwo pẹlẹbẹ ni tirẹ̀. Oore inú rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti ṣe ìyá àwo kan ṣoṣo pẹ̀lú irin, wọ́n lè fi tẹ ọmọ púpọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń tẹ ìwé. Wàhálà tó kù ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọrin. Bí apá bá ro ẹni tó ń yí i, orin náà á rọ. Eldridge Johnson, mẹkáníìkì kan ní ìlú Camden, ló bá Berliner ṣe ẹ̀rọ oní-sípíríǹgì tó wúlò ní 1896. Òun náà ló dá ilé-iṣẹ́ Victor sílẹ̀ ní 1901. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, Gramophone Company ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn sì ni wọ́n ra àwòrán ajá tó ń tẹ́tí sí ohùn olúwa rẹ̀ lọ́wọ́ Francis Barraud ní 1899. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni wọ́n san: àádọ́ta fún àwòrán, àádọ́ta fún ẹ̀tọ́ láti lò ó. Bí onísirò owó, n kò tíì rí ọgọ́rùn-ún pọ́ùn tó ṣiṣẹ́ jù ìyẹn lọ. Ajá náà ni àwọn òbí wa mọ̀ lójú àwo HMV.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, pàápàá ẹ̀yin ọmọdé. Lábẹ́ ibi tí àwo ń yí lé lórí, sípíríǹgì wà nínú agolo irin. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni, tí wọ́n ká bí ẹni ká ọ̀já. Ẹ̀rọ kékeré lè ní ẹyọ kan, ẹ̀rọ ńlá lè ní tó mẹ́rin. Bí ẹ bá ń yí ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, sípíríǹgì á máa ká mọ́ra. Agbára apá yín ni ẹ ń kó pamọ́ síbẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá tú ìjánu, á máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa yí àwo. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ohun tó ń mú un dúró, yóò kọ́kọ́ sáré bí ẹṣin tó já, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi irin kan síbẹ̀ tó ní bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́ta. Bí eré bá ti pọ̀ jù, àwọn bọ́ọ̀lù náà á fẹ̀ síta, wọ́n á fa irin pẹlẹbẹ kan lọ fara gbá awọ tó ń dín eré kù. Gómìnà ni àwọn mẹkáníìkì ń pe nǹkan yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé kò sẹ́ni tó sáré ju òfin lọ. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Òfin náà ni pé kí àwo yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan.

Abẹ́rẹ́ irin ń tọ ipa tí wọ́n fà sójú àwo. Ipa náà ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n bó ṣe ń tọ̀ ọ́, gbígbọ̀n náà á sì dé ara nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ tó sì nà gbọnran bí awọ gángan. Níbẹ̀ ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn tíńtín ni. Fèrè ló ń gbé e jáde sí gbangba.

Àwo fúnra rẹ̀, ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe é, oje tí kòkòrò kékeré kan máa ń fi sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà. Wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun òkúta àti àwọ̀ dúdú. Ìyẹ̀fun òkúta yẹn ló jẹ́ kí àwo le débi pé ó ń jẹ abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ojú àwo kan, abẹ́rẹ́ kan. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí orin bá parí, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá ń ṣahun abẹ́rẹ́, àwo rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè náà.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi tóbi bí ilé ìdáná? Ìdí náà rọrùn. Níbi tí kò ti sí iná mànàmáná, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè yí kí ohùn ròkè. Fèrè nìkan ló wà, ohùn ìsàlẹ̀, irú èyí tí ìyá ìlù ń mú jáde, kò sì lè gba inú fèrè kúkurú kọjá. Ó ń fẹ́ fèrè gígùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òkè àpótí ni fèrè máa ń wà, ó ń gba àyè, ó sì ń kó eruku. Ní 1906 ilé-iṣẹ́ Victor tẹ fèrè náà lórí ba, wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí onígi gíga tó ní ilẹ̀kùn níwájú, wọ́n pè é ní Victrola, 200 dọ́là. Tí ẹ bá fẹ́ kí orin lọ sókè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Tí ọmọ bá ń sùn, ẹ pa á dé.

Ọdún 1925 ni nǹkan yí padà pátápátá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo máíkì oníná láti gba orin, àwọn ohùn tí àwo kò lè mú tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ìṣirò wá bí fèrè ṣe yẹ kó máa fẹ̀ sí i, wọ́n sì ká fèrè gígùn náà sínú àpótí ńlá. Credenza ni Victor pe èyí tó tóbi lára wọn. 275 dọ́là ni wọ́n ń ta èyí tó ń lo sípíríǹgì. Lọ́dún kan náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Ford tó rọjú jù lọ jẹ́ 260 dọ́là. Ẹ wò ó: ẹ̀rọ orin tí a fi ọwọ́ yí wọ́n ju mọ́tò lọ. HMV náà ṣe tiwọn níhìn-ín ní ìparí àwọn ọdún 1920. Àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ń jẹ́ E.M.G. kò tilẹ̀ bá wọn fi fèrè pamọ́. Bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ìpele ìpele títí ó fi le, ẹnu fèrè náà sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ dáadáa. Ọmọdé lè jókòó sínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa tòyìnbó. Ní 1922, bàbá kan láti Abẹ́òkúta wà ní Ìlú Ọba. Orúkọ rẹ̀ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti. Ọdún 1855 ni wọ́n bí i. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ Fẹlá, bàbá bàbá Fẹlá ni. Ìyá Wọlé Ṣóyínká náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ Zonophone, tí Gramophone Company ti rà láti 1903, gba orin Yorùbá tó lé ní 40 lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọmọ àádọ́rin ọdún ni nígbà náà.

Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń gba orin ní 1922. Kò tíì sí máíkì nínú iṣẹ́ náà. Olórin á dúró síwájú fèrè kan, á kọrin sínú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn fèrè náà, nínú yàrá kejì, abẹ́rẹ́ ń fa ipa sójú àwo ìda, irin ìwọ̀n tó wúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yí ìda náà. Ẹni tó bá húkọ́, kó tún un ṣe lórí ìda mìíràn. Kò sí pé à ń gé, à ń lẹ̀. Agbára èémí bàbá náà ló fa ipa tó wà lójú àwo. Èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ní kí n máa gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà pé kọ̀ǹpútà dára, n kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwo bàbá náà bá ń yí lábẹ́ abẹ́rẹ́ irin, ọ̀nà tí ohùn gbà wọlé ni ó ń gbà jáde. Fèrè gbà á, fèrè dá a padà. Iná mànàmáná kò fọwọ́ kàn án rí.

Ohun tó kọ ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe gbà á lọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé orin ìsìn wá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Èdè wa sì rèé, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ló ń pààlà láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ: ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a wọ̀ dé ibí. Tí ohùn orin òyìnbó bá ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìjọ á máa wọ ọkọ́ lọ sí ọ̀run. Àwọn bàbá wa kọrin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa kan ṣì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó yí i padà. Ohùn orin ilẹ̀ wa ni ó fi ṣe orin ìsìn, tí orin ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, tí ẹni tí kò kàwé náà á gbọ́ ọ yé lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wà lójú àwọn àwo náà nìyẹn: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, láti ẹnu ẹni tí wọ́n bí kó tó di pé ẹnikẹ́ni lérò pé ohùn ṣeé kó pamọ́.

Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá, wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà, wọn kò ní ní orin inú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń yí ẹ̀rọ yìí fún wọn nìyẹn.

Kì í ṣe òun nìkan. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó wá kọ́ ìmọ̀ òfin, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, kọrin Yorùbá fún Zonophone kan náà ní àwọn ọdún yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí ìpàdé ẹgbẹ́ wa bá ti gùn jù: òun náà ṣe ìpàdé ní ìlú yìí, ó sì ráyè kọrin. Domingo Justus kọ tirẹ̀ ní 1928. Wọ́n ń tẹ àwo, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, àwọn ará ilé sì ń ra ohùn àwọn ènìyàn wọn tó wà lókè òkun. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, orin jùjú náà ti ń wọ inú àwo. Túndé King ṣe tirẹ̀ fún Parlophone ní 1936, Àyìndé Bákàrè ṣe tirẹ̀ fún HMV ní 1937.

Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rọ alápótí ńlá kọ́ ló pọ̀ jù lọ nílé wa. Ilé olówó àti ilé ọ̀mọ̀wé ni ìyẹn máa ń wà. Èyí tó rin ìgboro ni kékeré tó dà bí àpótí ìfàlọ́wọ́. HMV ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní 102 láti 1931 títí dé àwọn ọdún 1950. Ọ̀pọ̀ ìlú wa kò tíì rí iná mànàmáná nígbà náà, nítorí náà ohun tí òyìnbó ti ń pè ní ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń ṣe ọdún àti ìkómọ lọ́dọ̀ wa. Àwo oní-78 ṣì ń jáde ní Nàìjíríà nígbà tí a gba òmìnira ní 1960. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tó jókòó síwájú yìí ló ti fọwọ́ ara wọn yí i rí, ẹ bi wọ́n.

Ní ti kíkó wọn jọ, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ yìí ní ẹgbẹ́ ní ìlú yìí, City of London Phonograph and Gramophone Society, láti 1919. Ènìyàn dáadáa ni púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti bá pàdé nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n lè fi wákàtí kan jiyàn lórí ìdè kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kì í tẹ̀lé bó ṣe tóbi tó. Ẹ̀rọ E.M.G. wọ́n gan-an, ẹ̀rọ tí fèrè rẹ̀ hàn síta wọ́n, ṣùgbọ́n alápótí ńlá sábà máa ń pọ̀, nítorí ilé òde òní kò gbà á. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí fèrè idẹ rẹ̀ ń dán bí góòlù, tí wọ́n lẹ ajá HMV mọ́, tí wọ́n ń tà lọ́jà bí ẹni pé bàbá àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n to jọ láìpẹ́ yìí láti ara àlòkù àti ayédèrú. Wọ́n dára fún àwòrán, wọn kò dára fún àwo.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń díye lé igi, wọn kì í díye lé ohùn. Mo ti bá àwo Yorùbá pàdé níbi títa ẹrù òkú nílùú yìí, lábẹ́ tábìlì, nínú páálí tí wọ́n kó ìwé ìròyìn lé. Ẹni tó ń tà á kò mọ èdè tó wà lára rẹ̀. Iye tí mo san fún páálí náà kò tó owó agolo abẹ́rẹ́. Nílé náà, ooru ń tẹ̀ ẹ́ po, ikán ń jẹ àpò rẹ̀, àwọn ọmọ tó jogún ilé sì ń dà á nù nítorí wọn kò ní ohun tí wọ́n á fi gbọ́ ọ. Èmi tí mo ní ohun tí mo lè fi gbọ́ ọ, mo wà níhìn-ín, n kò ní àwo tó bí mo ṣe fẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń lọ sílé lọ́dún yìí, ẹ bi àwọn òbí yín kí ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí àjà. Ẹ má fi spirit nu àwo tí ẹ bá rí, yóò yọ́ ṣẹ́láàkì. Aṣọ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ ti tó. Ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má tò ó léra wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà láàárín rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì gbé àwo Ebenezer Obey ti ayé ìgbà tí mo wà lọ́mọdé sórí ẹ̀rọ mi, nítorí ike ni ìyẹn, abẹ́rẹ́ irin yóò tú u lójú pátápátá.

Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle lónìí. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ lè wá yí i, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n má fi ipá ṣe é. Àwo kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà wa sún mọ́ fèrè láti gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà, Yorùbá Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà níbi ẹsẹ kejì tí kò yé mi rárá, mo sì ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi.